Ìyá Kò Sí Nínú Iye

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, náírà kan ni takisí ń gbà láti Pósítọ́fíìsì dé Ọjà Ọba, awakọ̀ á sì tún sọ pé ẹ ṣeun. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀ọ́dúnrún náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi lójú ọ̀nà kan náà, awakọ̀ kò tilẹ̀ wo ojú mi. Pákó arère kan tí bàbá mi àgbà ń rà ní náírà mẹ́wàá nígbà yẹn, mo béèrè iye rẹ̀ lánàá, torí pé wọ́n ń tún mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa ṣe. Ẹni tó ń tà á sọ pé ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ni. Mo ní ṣé odidi ẹrù ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti ra pákó gbẹ̀yìn." Òótọ́ ló sọ. Ó ti pẹ́.

Àlàájì Yúsúfù ni orúkọ bàbá mi àgbà, ṣùgbọ́n Bàbá Káfíńtà ni gbogbo Ìsàlẹ̀ Kótò, àdúgbò wa ní Ìlọrin, ń pè wọ́n. N kò fẹ́ kọ ìtàn ayé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, torí púpọ̀ nínú rẹ̀ kò yé mi. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ọ̀rọ̀ pátákó kan lọ. Ọjọ́ kan wà tí Bàbá yọ̀ǹda pátákó náà lójú gbogbo èèyàn, èmi ni mo sì la ẹnu sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà títí di òní, n kò mọ̀ bóyá èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ wọn, tàbí àwọn fúnra wọn ti pinnu tẹ́lẹ̀ pé kó máa lọ. Orí ọ̀rọ̀ yìí ni mo darúgbó sí.

Pẹ́ńsù kì í kúrò lẹ́yìn etí Bàbá. Wọ́n á fi jẹun, wọ́n á fi sùn lọ́sàn-án, wọ́n á sì fi kírun. Lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀ kan tí gbogbo wa forí kanlẹ̀, pẹ́ńsù náà já bọ́, ó yí gbirigbiri lọ síwájú títí ó fi dé ẹsẹ̀ Lèmọ́mù Sánúsí. Ẹgbẹ́ ni Lèmọ́mù àti Bàbá, wọ́n jọ kọ́ Kùránì lábẹ́ igi kan náà ni. Nígbà tí ìrun parí, Lèmọ́mù gbé pẹ́ńsù náà sókè lójú gbogbo wa, wọ́n ní, "Yúsúfù, ṣé o fẹ́ lọ wọn Alijánnà ni?"

Bàbá gba pẹ́ńsù wọn, wọ́n nù ún, wọ́n sì dá a padà sẹ́yìn etí. "Bí wọ́n bá ní kí n wá wọ̀n ọ́n," wọ́n ní, "mi ò ní í ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá pẹ́ńsù."

Ọ̀nà tí Bàbá ń gbà ka nǹkan kò jọ ti ẹnikẹ́ni. Lọ́dọọdún, bí a bá pa ẹran Iléyá tán, àwọn ni wọ́n máa ń pín in. Wọ́n á ka àwọn ọmọ, wọ́n á ka àwa ọmọ ọmọ, wọ́n á ka Rábíù ọmọọṣẹ́ wọn tó ti di baálé ilé, wọ́n á sì gé ẹran sí iye yẹn gẹ́lẹ́. Wọn kì í ka Màmá, ìyàwó wọn, ìyá tó bí Lámídì bàbá mi. Lọ́dọọdún náà ni Màmá máa ń jà.

"Èmi ńkọ́, Bàbá Lámídì? Ṣé àlejò ni mí nílé yìí?"

"Mi ò kà ọ́ mọ́ ọn."

"Mo rí i pé ẹ ò kà mí. Kí lẹ ṣe tí ẹ ò fi kà mí?"

Bàbá á tún máa gé ẹran lọ bí ẹni pé wọn ò gbọ́. Ọdún kan ṣoṣo ni mo gbọ́ tí wọ́n dá a lóhùn, ọdún tí Màmá bínú débi pé wọ́n dìde kúrò nídìí ẹran. Bàbá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Àwọn tí à ń pín in fún ni mò ń kà," wọ́n ní. "Ìwọ lo ni gbogbo ẹ̀."

Màmá padà wá jókòó. N kò mọ̀ bóyá inú wọn dùn tàbí ó kàn rẹ̀ wọ́n.

Pátákó tí mo ń sọ náà kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù Bàbá, lókè ibi tí wọ́n ń to ayùn sí. Igi apá ni, ó pupa, ó wúwo, ó ga tó èjìká mi. Wọ́n gbẹ́ ìràwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́jọ sí i lára, ìràwọ̀ lórí ìràwọ̀ láti òkè délẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì lu já kí atẹ́gùn lè máa gbà á kọjá. Bàbá ṣe é nígbà tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́. Òun ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ọ̀gá wọn kò sọ síná. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fèrèsé oníràwọ̀ tàbí ìlẹ̀kùn oníràwọ̀, pátákó yìí ni Bàbá máa gbé ka orí pákó tuntun, wọ́n á fi pẹ́ńsù tọ ipasẹ̀ rẹ̀, wọ́n á sì gbẹ́ ẹ. Ìyá ni wọ́n ń pè é. Àwọn tó tinú rẹ̀ jáde, ọmọ ni wọ́n ń pè wọ́n. Bí o bá ní kí Bàbá ṣe mẹ́fà fún ọ, mẹ́fà lo máa gbé lọ, Ìyá á sì padà sára ògiri. Kò sí nínú iye. Kò sì ṣeé tà. Àlàájì kan láti Kánò fẹ́ rà á nígbà kan, Bàbá ní kó kọ́kọ́ lọ ta ìyá tirẹ̀ ná.

Màmá ní tiwọn kò pè é ní Ìyá rí. Orogún ni wọ́n ń pè é. Bí Bàbá bá pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, Màmá á yọjú láti ẹ̀yìnkùlé. "Oúnjẹ ti tutù o. Àbí orogún mi ti fún yín jẹ?" Bí Bàbá bá sì ń fi òróró pa á lára ṣáájú ààwẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti máa ń ṣe lọ́dọọdún, Màmá á ní, "Ẹ kú ìtọ́jú aya o. Awọ ara tèmi náà ti gbẹ." Rábíù á fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá kì í rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo ti rí wọn lọ́jọ́ kan tí wọ́n bu òróró yẹn sí àtẹ́lẹwọ́, tí wọ́n sì lọ fi pa ẹ̀yìn ọwọ́ Màmá. "Ẹ̀yin méjèèjì ni mo ń tọ́jú," wọ́n ní. "Ẹnì kan ló ń pariwo."

Ìyá ní àbùkù kan. Nínú ìràwọ̀ tó wà láàárín gan-an, ẹnu kẹta lápá ọ̀tún kúrú ju àwọn yòókù lọ. Irin ìgbẹ́gi ló yọ̀ lọ́wọ́ Bàbá nígbà èwe. Torí náà ni gbogbo ọmọ ṣe ní ẹnu kúkúrú yìí. Di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, bí mo bá gba iwájú ilé àtijọ́ kan kọjá ní Ìlọrin, tí mo sì rí ìràwọ̀ náà lójú fèrèsé, mo ti mọ ẹni tó ṣe é. Rábíù gbìyànjú nígbà kan láti fi ọmọ ṣe àwòkọ dípò Ìyá, torí pé ọmọ fúyẹ́ láti gbé. Bàbá wo iṣẹ́ náà, wọ́n fi ìka tọ́ ẹnu kúkúrú náà. Ó ti tún kúrú sí i. "Orí Ìyá ni kó o máa padà sí," wọ́n sọ fún un. "Àṣìṣe kan péré ni mo gbà."

Mo ní láti sọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà báyìí, torí òun ló da ohun gbogbo rú mọ́ mi lọ́wọ́.

Nígbà tí àwọn ọdún 1990 ń lọ sópin, ọ́fíìsì kan ní GRA ni mo ti ń ṣiṣẹ́. À ń ya àwòrán ilé àti ti ohun tó ń wọnú ilé. Ọ̀gá mi jẹ́ ará Ọ̀mù-Àrán, ó fẹ́ràn ohun tuntun púpọ̀. Ó ra kọ̀ǹpútà kan lọ́wọ́ ẹni tó ti òkè òkun dé, ètò ìyàwòrán kan sì wà nínú rẹ̀ tí kò sí irú rẹ̀ nígbà tí mo wà ní yunifásítì. Bí o bá fẹ́ ogún pátákó tó jọra, ẹyọ kan ni wàá yà. Wàá sọ iye tí o fẹ́, wàá sọ bí wọn ó ṣe jìnnà síra tó, kọ̀ǹpútà á sì tò wọ́n bí ọmọ iléèwé tó wà lórí ìlà.

Mo ya Ìyá sínú rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo lọ mú Bàbá wá sí ọ́fíìsì. Wọ́n wọ agbádá wá. Wọ́n kí ọ̀gá mi, wọ́n kí ẹni tó ń gbá ilẹ̀, wọ́n sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Jẹnẹrétọ̀ ń ké níta.

"Ta ló ń yà á?" wọ́n béèrè.

"Èmi ni, Bàbá."

"Ìwọ jókòó. Mo ní ta ló ń ṣiṣẹ́?"

Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo fi Ìyá hàn wọ́n. Wọ́n sún mọ́ ọn, torí ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì nígbà yẹn. Wọ́n wò ó títí.

"Ta nìyí?"

"Ìyá ni, Bàbá."

"Kì í ṣe Ìyá. Ẹnu rẹ̀ tó kúrú dà?"

Mo ní mo ti tún un ṣe ni, pé gbogbo ẹnu mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ti wá dọ́gba. Bàbá yí ojú kúrò lára kọ̀ǹpútà. Wọ́n kàn ń wò mí bí ẹni pé mo wọ bàtà ẹlòmíì wá sílé. Ni mo bá ní kò le, mo ti to mẹ́fà tẹ́lẹ̀, mo sì lọ sórí ti àkọ́kọ́, mo dín ẹnu rẹ̀ kẹta kù. Lẹ́ẹ̀kan náà ni ti márùn-ún yòókù kúrú.

Bàbá dìde dúró. "Súbúhánállàhì! Ta ló sọ fún wọn?"

"Ti àkọ́kọ́ ni, Bàbá. Ohun tí mo bá ṣe sí i ló ń hàn lára àwọn yòókù."

"Bí o bá wá pa á rẹ́ ńkọ́?"

Mo pa á rẹ́. Gbogbo wọn lọ. Ojú kọ̀ǹpútà ṣófo.

"Dá wọn padà! Wàhábì, dá wọn padà!"

Mo dá wọn padà. Bàbá jókòó, wọ́n béèrè omi, wọ́n mu ún tán. Wọ́n ní, "Tèmi ò rí bẹ́ẹ̀. Bí Ìyá bá jóná lónìí, àwọn ọmọ rẹ̀ á ṣì wà lójú fèrèsé àwọn èèyàn." Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí pé iye wo ni mo kọ fún un kó tó to mẹ́fà. Mo ní mẹ́fà ni. Wọ́n ní ó yẹ kí n kọ márùn-ún, torí Ìyá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ní rárá, kọ̀ǹpútà máa ń ka ti àkọ́kọ́ mọ́ ọn.

"Wọ́n kà á mọ́ ọn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Wọ́n yọ pẹ́ńsù lẹ́yìn etí, wọ́n wò ó, wọ́n dá a padà. "Ohun yín yìí gbọ́n," wọ́n ní, "ṣùgbọ́n kò mọ ìyá yàtọ̀ sọ́mọ."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn. Mo sọ fún wọn pé ó ń ka ti àkọ́kọ́ mọ́ ọn, wọ́n sì gbọ́. Wọ́n sọ tiwọn fún mi, èmi náà sì gbọ́.

Kò ju oṣù díẹ̀ lọ lẹ́yìn náà tí ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí fẹ́ kí wọ́n fi pátákó oníhò pín ibi tí ọkùnrin ń kírun àti ibi tí obìnrin ń kírun. Bàbá fẹ́ iṣẹ́ náà ju bí mo ti rí wọn fẹ́ nǹkan kan rí lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kírun láti kékeré, kò sì sí ohun tí ọwọ́ wọn ṣe níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ní ojú Bàbá kò ríran mọ́, kí wọ́n gbé e fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ní ẹ̀rọ. Alága wọn ni Àlàájì Bùsárì, olówó kan tó ń gbèrò láti jẹ́ kí ọ́fíìsì wa ya ilé tuntun fún un. Mo lọ bá a. Mo ní bí ẹ bá gbé e fún Bàbá, èmi á fi kọ̀ǹpútà ya gbogbo rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan igi. Ó ní ó dáa, òun fẹ́ rí i.

Bàbá àti Rábíù lọ wọn àyè náà lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Wọn kì í lo téèpù, ọ̀pá tó gùn tó ìbú Ìyá gẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ń wọn nǹkan. Mo ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá Bàbá níwájú ṣọ́ọ̀bù.

"Wàhábì, mọ́kànlá."

"Mọ́kànlá, Bàbá?"

"Mọ́kànlá ni mo wí. Ṣé etí tìrẹ náà ti ń bá ojú tèmi lọ ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì lọ. Ó yẹ kí n dúró. Ó yẹ kí n béèrè pé mọ́kànlá èwo, ti kọ̀ǹpútà tó ń ka Ìyá mọ́ ọn ni, tàbí ti ògiri ṣọ́ọ̀bù tí kì í kà á. N kò béèrè. Mo kọ mọ́kànlá, kọ̀ǹpútà to mọ́kànlá, mo tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé. Gbogbo ìgbìmọ̀ ló ń ti ara wọn kí wọ́n lè rí i. Wọ́n gbé iṣẹ́ fún Bàbá. Rábíù sì fi ìwé yẹn gé igi arère, torí apá àti ìrókò ti wọ́n jù. Ó gé mọ́kànlá. Bàbá gbẹ́ ìràwọ̀ ara wọn fúnra wọn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń rí i.

Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ààwẹ̀ ni a lọ tò ó. Igi gígùn méjì ti wà níbẹ̀, ọ̀kan nílẹ̀, ọ̀kan lókè, láti ògiri dé ògiri. Wọ́n ti la ojú sí wọn lára, inú ojú yẹn ni a ó máa ti pátákó bọ̀. Lèmọ́mù Sánúsí wà níbẹ̀, Àlàájì Bùsárì wà níbẹ̀, Ìyá Àdínì tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin náà sì jókòó sórí ẹní ní apá tiwọn. Rábíù ti ti àkọ́kọ́ bọ̀ ọ́, ó ti ìkejì, ó ń bá a lọ. Nígbà tó ti ìkọkànlá tán, àyè ṣì kù lẹ́bàá ògiri. Àyè pátákó kan gẹ́lẹ́.

Àlàájì Bùsárì rìn lọ síbẹ̀, ó sì gba inú àyè náà bọ́ sí apá kejì, ó tún padà.

"Kí lèyí? Ṣé ibí ni kí ewúrẹ́ máa gbà wọlé ni?"

"Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Àlàájì," Ìyá Àdínì wí láti orí ẹní. "Ó kéré tán, a ó máa rí yín tẹ́ ẹ bá ń tòògbé nígbà wàásù."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àlàájì Bùsárì kò rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí mi. "Ẹnjiníà, ṣé kọ̀ǹpútà yín kò mọ ìṣirò ni? Òun náà ni ọ̀gá rẹ fẹ́ fi ya ilé fún mi?"

Mo ronú kan ọ̀gá mi, mo ronú kan iṣẹ́ mi, àti gbogbo ohun tí mo ti fi yangàn níwájú àwọn èèyàn wọ̀nyí. Mo sì gbọ́ ohùn ara mi.

"Bàbá ló ka iye fún mi. Mọ́kànlá ni wọ́n sọ."

Mo rí i tí ojú gbogbo èèyàn kúrò lára mi lọ sára Bàbá. Ohun tí àwọn èèyàn ti ń sọ lẹ́yìn Bàbá ni wọ́n ń wò yẹn, arúgbó tí ojú rẹ̀ ti lọ, tí kò lè ka pátákó mọ́. Lèmọ́mù Sánúsí wo ilẹ̀. Mo fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà mì padà, ṣùgbọ́n ó ti jáde.

Bàbá rìn lọ síbi àyè náà. Wọ́n na ọwọ́ sínú rẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ kan ògiri.

"Òótọ́ ló sọ," wọ́n ní. "Mọ́kànlá ni mo sọ. Rábíù, lọ gbé Ìyá wá."

"Bàbá?"

"Ṣé ìwọ náà ò gbọ́ràn ni?"

Rábíù lọ. A dúró. Bàbá fi ẹ̀yìn ti ògiri, pẹ́ńsù lẹ́yìn etí, wọ́n dijú. Nígbà tí Rábíù dé, ìró Màmá kan ló fi wé Ìyá, ó gbé e bí ẹni gbé aláìsàn. Bàbá tú ìró náà kúrò. Wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ran àwọn lọ́wọ́. Wọ́n gbé ìsàlẹ̀ rẹ̀ sínú ojú igi, wọ́n tì í, ó sì wọlé bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Mọ́kànlá funfun, ọ̀kan pupa.

"Mọ́kànlá lọmọ," Bàbá wí. "Ìyá wọn rèé. Ìyá kò sí nínú iye."

Ìyá Àdínì ló kọ́kọ́ sọ pé àlùbáríkà. Lèmọ́mù ní kí a ṣe àdúà. Nígbà tí a ṣe é tán, Àlàájì Bùsárì gbá mi léjìká, ó ní òun ò mọ̀ pé bí a ṣe pète rẹ̀ nìyẹn, pé ti pupa yẹn ló tilẹ̀ gbé e yọ. Ó gbé iṣẹ́ ilé rẹ̀ fún wa. Ọ̀gá mi yìn mí. N kò lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Láti ìgbà náà, àmì kan wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù, níbi tí èéfín àti eruku kò ti dé láti ọjọ́ pípẹ́. Màmá wá wò ó nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo rò pé wọ́n á ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n kàn dúró, wọ́n káwọ́ lẹ́yìn. "Orogún mi ti kó jáde," wọ́n ní, ẹ̀rín kò sì sí níbẹ̀. Bàbá kò gbẹ́ ìràwọ̀ mọ́. Wọ́n ń kan àpótí ìjókòó, wọ́n ń tún ẹsẹ̀ tábìlì ṣe. Bí ẹnì kan bá wá béèrè fèrèsé oníràwọ̀, wọ́n á ní kó lọ sí mọ́ṣáláṣí, kó lọ bá Ìyá sọ ọ́.

Ẹ̀ẹ̀kan ni mo bi wọ́n léèrè. Àwa méjì péré la wà níwájú ṣọ́ọ̀bù.

"Bàbá, ṣé ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Kí ni mo mọ̀?"

"Pé mọ́kànlá ò ní í tó."

Wọ́n yọ pẹ́ńsù, wọ́n nà án sí mi. "Ìwọ lo kàwé, Wàhábì. Ìwọ ṣírò rẹ̀."

Wọn kò rí ààwẹ̀ kejì lẹ́yìn ìyẹn.

Mo ti ń ṣírò rẹ̀ bọ̀. Ó lè jẹ́ pé ohun tí wọ́n rí ní ọ́fíìsì ni wọ́n rántí, pé Ìyá ti wà lójú kọ̀ǹpútà tẹ́lẹ̀, kí n fi mọ́kànlá kún un. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, èmi ni mo ṣàṣìṣe, wọ́n sì fi Ìyá bo àṣìṣe mi. Ṣùgbọ́n mo ti sọ fún wọn pé kọ̀ǹpútà máa ń ka ti àkọ́kọ́ mọ́ ọn. Wọn kì í gbàgbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé láti ọjọ́ tí wọ́n lọ wọn àyè náà ni wọ́n ti fẹ́ kí Ìyá máa gbé mọ́ṣáláṣí, wọn kò kàn fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn jiyàn ni. Rábíù ní wọ́n fi òróró pa Ìyá lára lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń pa á lóróró ṣáájú ààwẹ̀, lọ́dọọdún. Àbí ogbó ló kàn dé, tí wọ́n ka méjìlá ní mọ́kànlá, bí gbogbo arúgbó ṣe lè kà á? Èmi náà ti ń ṣe irú rẹ̀ báyìí. Bí mo bá gba ọ̀kan gbọ́ láàárọ̀, òmíràn ni mo máa ń gbà gbọ́ nírọ̀lẹ́.

Ohun tó dá mi lójú ni gbólóhùn tí mo sọ. Kò sẹ́ni tó bi mí pé ta ló ka iye. Mo kàn sọ ọ́ ni.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún mọ́ṣáláṣí ṣe lọ́dún yìí, wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Ikán ti jẹ àwọn ọmọ mọ́kànlá náà. Bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe fọwọ́ kàn wọ́n ni wọ́n ń wó, tí ẹnu kúkúrú àti ẹnu gígùn jọ ń di ìyẹ̀fun lórí ẹní. Ikán kò rí Ìyá jẹ. Apá ni. Ó dá dúró lẹ́bàá ògiri, ó dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n gbé e lọ sílé, mo sì ṣèlérí pé n ó wá pákó tí a ó fi ṣe àwọn tuntun. Ìdí tí mo fi lọ béèrè iye arère nìyẹn.

Ìyá wà nínú yàrá mi báyìí. Mo ti fi ìka tọ́ etí rẹ̀ méjèèjì wò, láti mọ̀ bóyá Bàbá fá a kó lè wọ ojú igi ṣáájú ọjọ́ yẹn. Ó jọ pé wọ́n fá a. N kò lè mọ̀ bóyá ọ̀sẹ̀ yẹn ni, tàbí nígbà tí wọ́n wà ní ọmọ ogún ọdún. Mo pe Rábíù lórí fóònù kí n lè bi í.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé Bàbá fá etí Ìyá kẹ́ ẹ tó gbé e wá?"

"Wàhábì, mo ti lé ní àádọ́rin ọdún. Mi ò rántí ohun tí mo jẹ lánàá."

"Ẹ gbìyànjú, ẹ jọ̀ọ́."

"Ohun tí mo rántí ni pé, nígbà tí mo dé ilé láti gbé e, Màmá ti mú ìró dání. Wọ́n ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mi ò tíì sọ nǹkan kan fún wọn."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò tú mi sílẹ̀. Ó tún fi kún ìṣirò mi ni.

Mo ń ka àwọn tó ṣẹ́ kù báyìí. Bàbá ti lọ. Màmá tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Lèmọ́mù Sánúsí ti lọ. Àlàájì Bùsárì lọ láti inú ilé tí a yà fún un. Ìyá Àdínì pẹ́ jù wọ́n lọ láyé, ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ títí dọ́jọ́ ikẹyìn. Rábíù wà ní Málétè lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ọ̀gá mi wà ní Ọ̀mù-Àrán, kò ríran mọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń pè mí lọ́jọ́ Sátidé. Èmi náà rèé.

A ku mẹ́ta. N kò ka Ìyá mọ́ ọn.